Yàrá Méjì Nínú Ọkọ̀ Òkun

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi ṣe àṣírí. Ìsọlọ̀ ni mò ń gbé.

Ọkọ mi fẹ́ fi ọkọ̀ òkun kó wa lọ lo ìsinmi ní London. Yàrá méjì ló gbà, ọ̀kan fún èmi àti òun, ọ̀kan fún àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ ká pe ọmọbìnrin mi ní Tinúadé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ọkọ mi àkọ́kọ́ tó kú ló bí i. Felix, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ni ọkọ mi bí kó tó fẹ́ mi.

Mo ní kí Tinúadé sùn lọ́dọ̀ mi, kí Felix sùn lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Inú bí ọkọ mi. Ó ní, "O ti sọ ọmọ mi di oníṣekúṣe."

Nígbà tó jáde, Tinúadé sọ fún mi pé, "Màmá, tó bá jẹ́ yàrá kan náà ni, mi ò lọ. Ẹ̀gbọ́n Felix ò ṣe mí ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń wò mí ti yàtọ̀."

Mo bá sọ fún ọkọ mi pé èmi àti ọmọ mi ò lọ mọ́. Àtìgbà náà ni kò ti fẹnu kan oúnjẹ mi. Tí mo bá sọ ohun tí mo gbọ́, ó lè lé Felix, tí kò tíì ṣe nǹkan kan, jáde nílé. Tí mo bá dákẹ́, èmi ni ìyàwó bàbá tó kórìíra ọmọ.

Ẹ̀yin òbí tó ń gbọ́, kí ni kí n ṣe?

Èmi ni, ìyá kan ní Ìsọlọ̀.