Fèrèsé Tí Mo Máa Ń Tì Dáná

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú sùúrù pẹ̀lú wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Mizoram, ìpínlẹ̀ olókè kan ní ìlà-oòrùn India, ni mí, mi ò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ ní Delhi.

Bí mo bá fẹ́ se bekang, ẹ̀wà sóyà tí a máa ń bò bí irú, mo máa ń ti fèrèsé, màá fi aṣọ tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn, kí onílé wa má baà gbóòórùn rẹ̀.

Láti ẹ̀yìn fèrèsé yẹn ni mo ti rí àwọn tó lu Muana, ọmọ ìlú wa, lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Ará Ṣáínà, gba ilé yín lọ!" ni wọ́n ń kígbe mọ́ ọn, torí pé ojú wa jọ ti wọn. N kò pariwo. Ọlọ́pàá ní ṣe ló ṣubú.

Ní Sátidé yìí, àwa ọmọ ìlú wa fẹ́ ṣe ìwọ́de nítorí Muana. Ẹ̀gbọ́n Ruati tó ń kó wa jọ sọ fún mi pé, "Ìwọ nìkan lo rí i. Ṣé ògiri ló máa bá wa sọ ọ́ ni?"

Onílé sì ti kìlọ̀: "Ẹni tí mo bá rí nínú ìwọ́de yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n, kó wá ibòmíràn sùn."

Lánàá, mo ń dáná, ni onílé bá kanlẹ̀kùn. "Kí ló kú síbẹ̀ yẹn?"

N kò mọ ìgbà tí mo dáhùn. "Kò sóhun tó kú, Àǹtí. Oúnjẹ wa ni." Mo bá ṣí fèrèsé.

Ó wò mí títí, ó lọ. 

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé? Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n n kò tíì ti fèrèsé náà.

Èmi ni, ọmọ ilẹ̀ olókè.