Wọ́n Fi Ímeèlì Mi Bú Ìyá Àfẹ́sọ́nà Mi

Inú ń bí mi, ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé yìí, mi ò sì kọ̀wé yìí kí ẹ lè rẹ̀ mí lẹ́kún. Ìmọ̀ràn ni mo fẹ́. Èmi kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, JSS One ni mo ti kúrò nílé ìwé, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, ẹ fara dà á. Ẹnì kan wọ inú ímeèlì mi, ó fi orúkọ mi kọ̀wé sí ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi, ó sì bú ìyá ẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ ẹni náà. Orí mátírẹ́ẹ̀sì kan náà la jọ ń sùn.

Ilé àbúrò bàbá mi obìnrin, àǹtí mi, ni mò ń gbé ní Agége. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òrégún, èmi ni mo máa ń fi abẹ gé etí abọ́ kó má baà ya ẹni tó bá rà á lọ́wọ́. Télọ̀ ni àfẹ́sọ́nà mi, ó lọ sí South Africa lẹ́yìn tí àwọn ẹbí ẹ̀ ti wá mọ ẹbí mi. Lẹ́tà ń pẹ́ kó tó dé, òun ló ní kí n lọ ṣí ímeèlì. Ẹ̀rù kàfé tí wọ́n ti ń lò ó bà mí… gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọn ò wo ojú ara wọn, mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tí mo lè kí. Mo bá bẹ ọmọ àǹtí mi pé kó sìn mí lọ. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Bọ̀sẹ̀. Ó fi ọdún méjì jù mí lọ, ó ka sẹ́kọ́ńdìrì tán, ó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Opebi, ó sì mọ kọ̀ǹpútà, òun ló ń bá mi tẹ lẹ́tà. Àǹtí Bọ̀sẹ̀ ni mo ń pè é nígbà yẹn. Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹni tó ni kàfé ní kí n mú password, kí n mú ọ̀rọ̀ tí mi ò lè gbàgbé láé. Kí ni mo tún fẹ́ mú? Mo mú oríkì mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ohun tí gbogbo ayé fi ń pè mí kọ́ ló yẹ kí n mú. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí ìyá onílé wa láàárọ̀, oríkì yẹn ló fi ń dá mi lóhùn, gbogbo yàrá ló ń gbọ́ ọ, ìyá oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an mọ̀ ọ́n. Ó dà bíi pé mo ti ilẹ̀kùn, tí mo sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ẹnu ọ̀nà. Mi ò ní kọ oríkì náà síbí. Mo ti gbọ́n díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan ni ìyá àfẹ́sọ́nà mi dé láti Onígbòǹgbò. Wọn ò jókòó, wọn ò gba omi. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo kọ̀wé sí ọmọ wọn pé ẹrú ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe, pé ilé wọn ń rùn, pé mi ò lè wá sin àjẹ́. Orí mi fò lọ. Àǹtí mi gún mi ní ìgúnpá pé kí n kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, àgbà kì í bínú kéèyàn dúró máa ro ẹjọ́, ẹ̀bẹ̀ la kọ́kọ́ ń bẹ̀. Àbí wọn ò kọ́ ẹ̀yin náà bẹ́ẹ̀?

Màmá yìí wo àǹtí mi, wọ́n ní, “Ṣé ẹ rí i? Tí kò bá ṣe é, kí ló ń bẹ̀ mí fún?”

Wọ́n sì lọ. Ẹ̀bẹ̀ mi ni wọ́n gbà bí ìjẹ́wọ́.

Ọjọ́ kejì, mo lọ bá oníkàfé, mo sunkún sí i lọ́rùn. Ó fi ibi tí lẹ́tà téèyàn bá ti fi ránṣẹ́ máa ń wà hàn mí. Mo bá méjì níbẹ̀ tí n kò kọ. Mo kà á díẹ̀díẹ̀… ó wà níbẹ̀ pé ìyá àfẹ́sọ́nà mi fún mi ní ìkòkò fọ̀ lọ́jọ́ tí mo ṣe àlejò wọn. Òótọ́ nìyẹn. Bọ̀sẹ̀ nìkan ni mo sọ ọ́ fún, lálẹ́, lórí mátírẹ́ẹ̀sì wa. Àjẹ́ tó fi kún un, ti ara ẹ̀ ni.

Mo bi í. Ẹ ò ní gbàgbọ́, kò tiẹ̀ sẹ́. Ó ń kun èékánná ẹ̀ lọ.

Ó ní, “Ta ló ní kóo fi oríkì ẹ ṣe password? Ṣé èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ni? Láti ìgbà tóo ti ní ímeèlì lo ti ń ṣe bíi madam. Àwàdà ni mo ṣe, ọkọ ẹ ni kò gba àwàdà.”

Àwàdà! Oníkàfé ti bá mi yí password náà, ó ní kí n máa dá jókòó, kí n máa tẹ sign out láti ti ímeèlì mi kí n tó dìde, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi tẹ lẹ́tà, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá mi. Kí ló dé tí kò sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Owó ló kọ́kọ́ gbà. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ síbẹ̀, ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni kó sìn yín. Ẹ lọ dá ojú ti ara yín, ó sàn ju èyí lọ.

Mo ti ṣàlàyé fún àfẹ́sọ́nà mi. Ìlà kan ló fi dá mi lóhùn: kí ẹni tó kọ ọ́ lọ fẹnu ara ẹ̀ sọ fún ìyá òun, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó parí. Bọ̀sẹ̀ ní òun ò lọ. Àǹtí mi mọ gbogbo ẹ̀, wọ́n ní kí n ní sùúrù títí Bọ̀sẹ̀ yóò fi wọlé ọkọ, torí àwọn àna ẹ̀ ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí láti wá tọrọ ẹ̀. Wọ́n ní tí mo bá sọ ọ́ síta, kí n wá ibòmíràn gbé. Àǹtí yìí ló tọ́ mi láti kékeré, mi ò lè sọ pé wọn ò ṣe dáadáa sí mi. Àmọ́ mo ti gbọ́ pé ìyá àfẹ́sọ́nà mi ti ń wá ọmọbìnrin míì fún ọmọ wọn. Ṣé ẹni tó ba tèmi jẹ́ ni kó kọ́kọ́ lọ sílé ọkọ? Sùúrù tèmi dà? Ta ló ń ní sùúrù fún mi?

Ẹ má sọ fún mi pé kí n máa ṣe àdúà, mò ń ṣe é. Èmi ni wọ́n ní kó gbé omi fún àwọn àna Bọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá dé. Ṣé kí n là á mọ́lẹ̀ níwájú wọn kí n sì kó ẹrù mi, àbí kí n gbé omi náà fún wọn kí n pa ẹnu mọ́? Ẹ dá mi lóhùn kíákíá, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá dákẹ́, màá sọ ọ́.