Ewé Ólífì Tí Mo Rí

Ìyáàfin Rihab, olóòtú ètò wa lórí rédíò, mo kí yín láti Irbid ní Jọ́dánì o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Yunifásítì ti gbà mí láti kọ́ báyótẹkinọ́lọ́jì, ìmọ̀ lílo ohun abẹ̀mí láti ṣe nǹkan tuntun, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dínárì ni màá yá ní báńkì. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, Nuhad, fi mí rẹ́rìn-ín: "Ọ̀ọ́dúnrún dínárì lóṣù ni wọ́n ń san fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ṣé afẹ́fẹ́ lo máa jẹ títí wàá fi san gbèsè tán? Wá síbi kẹ́míìsì mi. Iye yẹn náà ni màá san fún ọ láti oṣù yìí."

Mo lọ. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn, nígbà tí wọ́n mú àwa tí wọ́n gbà wo yunifásítì, mo ti rí ewé ólífì nínú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó ń tàn yòò bí ìlú tó sùn sábẹ́ omi. Bí mo ti ń to oògùn báyìí, inú ìlú yẹn ni mo ń rìn.

Lánàá, ẹ̀gbọ́n màmá mi bi mí pé, "Kí lò ń rẹ́rìn-ín sí?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n wá ní, "Ìmọ̀ ìràwọ̀ lèmi fẹ́ kọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọge."

Ọjọ́bọ̀ ni báńkì ń retí èsì mi. Ẹ̀yin olùgbọ́ tẹ́ ẹ yáwó kàwé, ṣé ẹ kábàámọ̀? Ẹ sọ òótọ́ fún mi.