Páìì Búrẹ́dì Tí Mo Fi Irin Ìlọṣọ Yan ní Òkè-Ọ̀dàn

Ilé Ọdẹkúnlé,
Ẹ̀gbẹ́ Ṣọ́ọ̀ṣì,
Òkè-Ọ̀dàn.
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá, ọdún 2019.

Ṣèyífúnmi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ Bánjí ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run tó jẹ́ ká rí òpin ọdún yìí kò ní jẹ́ kí ọdún rí òpin wa. Èmi náà wà, ara mi le koko, ẹ̀yìn tó máa ń dùn mí ti fi mí sílẹ̀, mo rò pé ó ti lọ wá ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé o ti pe fóònù mi títí, tí obìnrin inú rẹ̀ sì ń sọ fún ọ pé kò sí mi. Má gbà á gbọ́, mo wà. Fóònù náà kò sọnù, wọn kò sì jí i, inú gàrí ló wà, ìwọ ṣáà máa kà á lọ, wàá dé ibẹ̀. Ìwé ni mo fi dípò rẹ̀, Ọ̀jẹ̀túndé awakọ̀ ni yóò mú un dé ọ́fíìsì rẹ, ìwé kì í sì í sọ fún èèyàn pé owó orí òun ti tán nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn.

O ránṣẹ́ sí mi pé kí n ti ìsọ̀ búrẹ́dì ìyá rẹ, kí n kó ẹrù mi wá sí Èkó, pé ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin kò gbọdọ̀ dá wà nínú ilé. O ṣeun, ọmọ tó ní làákàyè ni ọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní wá. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O rántí pé ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn ìsìn, ni ìyá rẹ dágbére fún mi pé òun ń lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n òun Málọmọ́ ní Àjàṣẹ́, ní òdìkejì ibodè, ẹni tó ṣubú nínú balùwẹ̀ tí egungun itan rẹ̀ fi sán. Ó ní ọjọ́ márùn-ún ni òun ó lò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ti ibodè. Mo kọ́kọ́ rò pé bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ ní alẹ́ ni, pé bí ilẹ̀ bá mọ́ wọn á ṣí i, mo tilẹ̀ gbé omi ìwẹ̀ kaná dè é. Nígbà tí egungun Málọmọ́ fi ń so, ìyá rẹ ti ra àpò ìrẹsì kan síbẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ìrẹsì kọjá. Èèyàn lè kọjá bó bá bẹ̀bẹ̀, ìrẹsì ni ẹ̀bẹ̀ kò ràn. Ó wáá rán Mùínátù aláta sí mi, ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, pé òun kò ní fi ìrẹsì òun sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, pé wọn yóò ṣí ibodè láìpẹ́, pé kí n ṣáà má jẹ́ kí ìsọ̀ òun tì, torí oníbàárà tó bá ti mọ ọ̀nà ìsọ̀ ẹlòmíràn kì í padà.

Ìwọ náà mọ̀ mí. Láti ìgbà tí mo ti gbé ìyá rẹ níyàwó, omi gbígbóná nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sè, òun náà a sì máa jóná. Ṣùgbọ́n ó ti fi iṣẹ́ rán mi, mo jókòó sí ìsọ̀. Búrẹ́dì ń dé láti Ayétòrò bó ṣe ń dé tẹ́lẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò tó ń rà á ni kò kọjá mọ́. Búrẹ́dì gan sí mi lọ́wọ́. Mo fún ewúrẹ́, ewúrẹ́ jẹ títí, ó fi ẹnu nu yẹ̀pẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó dùn mí gan-an. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún gbin gbágùúdá kò lè máa wo oúnjẹ kí ó máa bàjẹ́ lójú rẹ̀.

Ìgbà yẹn lo fi fọ́nrán ti òyìnbó obìnrin tó ń fi búrẹ́dì dárà ránṣẹ́ sí mi. Mo kí i káàárọ̀, kò dáhùn. Toheebat, tíṣà tó háyà yàrá iwájú lọ́dọ̀ wa, ní kò lè gbọ́ mi, pé ó ti pẹ́ tó ti sọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ní bó ti wù kó pẹ́ tó, ìkíni kì í pẹ́ jù. Obìnrin náà yára ṣáá. Kí n tó mú ọ̀bẹ, ó ti gé e, kí n tó fọ́ ẹyin, ó ti ń jẹ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró dè mí. Toheebat fi ìka kan ojú fóònù, obìnrin náà sì dúró lóòótọ́, ẹnu rẹ̀ wà ní yíyà, mo wáá mọ̀ pé ọmọlúwàbí ni, ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àgbà.

Mo fi fóònù náà ti etí abọ́ kí n lè máa wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ló ti yọ̀ ṣubú sínú ẹyin àti mílíìkì. Toheebat ní inú ìrẹsì ni wọ́n máa ń ri fóònù tó bá mu omi sí, kí ìrẹsì lè fa omi náà jáde. Mo bi í pé ìrẹsì wo, ní àkókò tí ibodè tì, tí a ń fi ojú lásán wo ìrẹsì lọ́jà? Gàrí la ní, gàrí ni mo rì í sí. Ó fa omi náà, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n ó wú sínú ihò tí ẹ ń fi wáyà sí, kò sì tíì jáde títí di òní. Kò burú, mo ti rí ohun tí mo fẹ́ rí.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe páìì búrẹ́dì náà, kí ìwọ náà lè ṣe é fún ọkọ rẹ. Mú búrẹ́dì tó ti gan díẹ̀, má mú tútù, tútù a máa lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú. Gé èèpo rẹ̀ kúrò, fi ìgò yí i kó tẹ́. Bu ẹ̀wà tí a fi epo àti alùbọ́sà sè sí àárín, tàbí ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀, kí o fi òmíràn dé e. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe là, ẹ̀wà dà sí mi lẹ́sẹ̀. Toheebat ló ní kí n fi ẹyin kun etí rẹ̀, kí n sì fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ yíká, láti ìgbà náà kò là mọ́. Òyìnbó yẹn ní ẹ̀rọ kan tó ń pa ẹnu dé, tó ń yan án lókè àti nísàlẹ̀. Èmi kò ní i. Mo rò ó títí, mo rántí irin ìlọṣọ eléèédú tí mo fi ń lọ agbádá mi ní ọjọ́ Àìkú. Mo fọ ìdí rẹ̀ mọ́, mo fi bọ́tà pa búrẹ́dì lára, mo gbé e sínú páànù lórí iná, mo gbé irin gbígbóná lé e lórí. Nígbà tí mo gbé irin kúrò, ó ti pupa roro, ó ń ta sánsán, àmì ìdí irin wà lára rẹ̀ bí òǹtẹ̀ ìjọba.

Èèpo àti èérún rẹ̀ ni mo fi ń ṣe púdìn. Mo ń rẹ ẹ́ sínú mílíìkì, mo ń fọ́ ẹyin sí i, mo ń rin àgbọn, mo ń fi ṣúgà díẹ̀ sí i, mo ń bù ú sínú agolo, mo sì ń sè é bí ẹni ń se mọ́ínmọ́ín, torí a ò ní ààrò òyìnbó. Toheebat ní púdìn ni kí n máa pè é. Mo pè é bẹ́ẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan, kò sẹ́ni tó rà á. Ọjọ́ kejì mo pè é ní mọ́ínmọ́ín búrẹ́dì, kò dé ọ̀sán tó fi tán.

Láti ìgbà náà ni èèyàn ti ń tò níwájú ìsọ̀. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá tí wọ́n ní kí ilé epo tó bá sún mọ́ ibodè má ta epo mọ́, tí ọkọ̀ ń dá dúró káàkiri, àwọn èrò inú ọkọ̀ náà ń rìn wá. Sójà kan wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọ̀nà, Husain ni orúkọ rẹ̀, ará òkè Ọya ni, ó ní láti ìgbà tí òun ti dé, òun kò tíì rí oúnjẹ mìíràn tí òun lè fi ọwọ́ kan jẹ kí òun sì fi ọwọ́ kejì di ìbọn mú.

Wàyí o, àwọn ẹgbẹ́ kan wá sí gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n ní àwọn fẹ́ ran àwọn oníṣòwò tí ibodè títì pa lára lọ́wọ́. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí n mú pásípọ́ọ̀tù méjì wá. Mo ní n kò rìnrìn-àjò lọ síbì kankan, ṣebí ibodè tì, kí ni mo fẹ́ fi pásípọ́ọ̀tù ṣe, tó tún jẹ́ méjì. Wọ́n ní fọ́tò ni. Mo ní kí wọ́n yáa sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bèèrè nọ́ńbà àkáǹtì mi, mo ní mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n rédíò ti kìlọ̀ pé kí á má sọ nǹkan báńkì wa fún ẹnikẹ́ni, n kò sì ní sọ ọ́. Akọ̀wé wọn ní ọ̀nà wo ni owó yóò wáá gbà dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ní kó kó o lé mi lọ́wọ́, ọwọ́ mi kò tì.

Ibi tí ọ̀ràn wà ni ibi tí wọ́n ti bèèrè nípa ìyàwó. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún ni wọ́n tò síbẹ̀ pé kí n fàmì sí ọ̀kan. Toheebat ti lọ sí ilé ìwé, ṣùgbọ́n èmi náà kàwé dé kíláàsì kẹfà. N kì í ṣe àpọ́n. Ìyàwó mi kò kú. N kò kọ ìyàwó. Èyí tó ní mo níyàwó, mo fẹ́ fàmì sí i, ṣùgbọ́n mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ìyàwó dà? Mo wáá rí “sẹ́párétẹ́ẹ̀dì.” Mo rántí pé tíṣà wa máa ń lò ó nígbà tó bá ya èmi àti ọ̀rẹ́ mi nípá nínú kíláàsì, tó sì fi tábìlì sí wa láàárín. Mo ní ọ̀rọ̀ wa gan-an nìyí, wọ́n ti fi ibodè sí èmi àti Àṣìkẹ́ ìyá rẹ láàárín. Mo fa àmì náà tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé já.

Akọ̀wé náà wò ó, ó kí mi kú ìrọ́jú, ó ní láti ìgbà wo. Mo ní láti oṣù Kẹjọ. Ó ní ṣé kò sí àgbà tó lè bá wa dá sí i ni. Mo ní Àbújá nìkan ló lè dá sí i. Mùínátù wà níbẹ̀, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí Toheebat dé tí mo ròyìn fún un, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní ohun tí mo fàmì sí ni pé ìjà ti tú èmi àti ìyàwó mi ká, pé oníkálukú ti ń gbé tirẹ̀. Mo sáré dé ilé Mùínátù, wọ́n ní ó ti kọjá sí Àjàṣẹ́. Ṣèyí, ìgbéyàwó èmi àti ìyá rẹ nìyẹn o! Ọdún méjìdínlógójì! Fóònù wà nínú gàrí, ibodè tì, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀? Àfi kí n máa yan páìì.

Ní ọjọ́ kẹta, èrò tò níwájú mi, n kò gbójú sókè, ojú mi wà lára irin. Ẹni tó kàn dé iwájú, mo ní ẹlẹ́wà ni àbí ẹlẹ́ja. Ohùn kan dáhùn, ó ní, “Ìyàwó tí ẹ kọ̀ ni.”

Mo gbójú sókè. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Kò sí àpò ìrẹsì lórí rẹ̀. Ó ti tò sórí ìlà bí oníbàárà, láìsọ̀rọ̀, títí ó fi kàn án. Mo ní ibodè ni mo sọ, pé ibodè ni wọ́n fi yà wá. Ó ní ṣé ibodè ni wọ́n tún ń pè ní tíṣà, torí Mùínátù ti fi kún un pé tíṣà kan ti ń bá mi dáná. Àsìkò yẹn ni Toheebat ti ilé ìwé dé, ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Àwọn tó wà lórí ìlà náà ń bẹ̀ ẹ́, Husain ń bẹ̀ ẹ́ ní èdè tí kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ìyá rẹ na ọwọ́ sí páànù. Ó mú páìì kan, ó jẹ ẹ́ tán ní ìdúró. Ó ní ta ló kọ́ mi. Mo ní èmi ni mo kọ́ ara mi. Ó ní ata rẹ̀ kò tó. Ó wáá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó bú sẹ́kún, ó ní òun fi ìrẹsì òun sílẹ̀ fún Málọmọ́ láìwẹ̀yìn, pé bí òun ṣe ń la ẹrẹ̀ kọjá, ohun tí òun ń rò ni pé òun yóò bá ìsọ̀ òun ní títì, òun yóò sì bá aṣọ òun níta. Mo gbé mọ́ínmọ́ín búrẹ́dì kan fún un, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú omijé, ó tún gba òmíràn.

Lọ́jọ́ kejì ó mú mi lọ sí gbọ̀ngàn kí wọ́n pa àmì náà rẹ́. Akọ̀wé ní fọ́ọ̀mù ti lọ sí Abẹ́òkúta, pé nínú ìwé àwọn, a ti pínyà. Ìyá rẹ ní kò burú, kí wọ́n ṣáà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Mo rò pé yóò gba ìsọ̀ rẹ̀, kí n padà sí oko. Ṣùgbọ́n ó gbé irin lé mi lọ́wọ́, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n lò, kí n máa yan, kí òun máa se ẹ̀wà. Ata ti pọ̀ sí i báyìí, àwọn sójà ń sunkún, wọ́n sì ń rà á. Ìdí nìyí tí n kò fi ní wá sí Èkó.

Jọ̀wọ́, bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe ti oúnjẹ, a ní oúnjẹ. Ti fóònù ni, èyí tí ihò ara rẹ̀ kò pọ̀, àti ti irin ìlọṣọ eléèédú kan sí i, kí o bá mi wá èyí tó wúwo. Ọ̀jẹ̀túndé ni kí o kó owó náà fún, má fi í sí báńkì, torí ẹ̀rọ ara ògiri tó wà ní Ìlárò ní kí n ki káàdì mi bọ òun lẹ́nu, mo kì í bọ̀ ọ́, ó gbé e mì, mo dúró tì í di ìrọ̀lẹ́ bóyá yóò pọ̀ ọ́, kò pọ̀ ọ́.

Ṣèyífúnmi, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní gan mọ́ ọ lọ́wọ́. Ọ̀nà rẹ kò ní dí. Ohunkóhun kò ní wọ àárín ìwọ àti Bánjí, bó ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, bó ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé. Ilé tí o bá wọ̀, wọn yóò máa retí rẹ níbẹ̀. Àmín.

Ibí ni n ó ti dá ìwé yìí dúró, torí ìyá rẹ ń pè mí láti ìsọ̀, “Bàbá Ṣèyí,” ó ní èédú ti jó tán. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni, kí ó lè tún pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
Cornelius Ọdẹkúnlé.