Ọwọ́ Màmá Àgbà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì

Discovery Gardens, Dubai

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Ṣíjúadé,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa, mo kí Mọ́mì. Ṣé wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn? Ara Wùmí ọmọ mi ti yá, ooru nìkan ló ń dà wá láàmú.

Ọ̀rọ̀ mábù tí ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n rà ní Deira ló mú mi kọ̀wé. Mo ti rà á tán kí ẹ tó fi fọ́tò ògiri tí ẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ránṣẹ́. Bọ̀dá, ṣé ògiri ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn náà ni? Ibi tí àwọn ìyá tó fi amọ̀ rẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà ti tẹ ọwọ́ wọn sí? Ọwọ́ oníka mẹ́rin yẹn, ti Màmá Àgbà ni. Ẹ̀yin gan-an lẹ fi hàn mí nígbà tí mo wà ní kékeré. Kí ló wá dé?

Ní Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, ṣe ni wọ́n ń tún ilé àtijọ́ wọn ṣe, tí àlejò ń wọ bàálù wá wò ó. Ẹ̀yin ní ògiri amọ̀ ń tì yín lójú.

Mo ti dá mábù padà. Khalas, ó ti parí nìyẹn. Páànù ni mo fi owó rẹ̀ rà ránṣẹ́, torí òrùlé tó ń jò ló ń ba ògiri yẹn jẹ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ gbogbo yín. Ohun kan péré ni mo bẹ̀ yín. Ẹ mú Mọ́mì lọ síbẹ̀. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ẹ bá wọn gbé ọwọ́ lé ògiri náà. Kí ẹ wá bi wọ́n bóyá kí ẹ bo ọwọ́ ìyá wọn.

Àbúrò yín,
Ìrètíolúwa