Oògùn Ọ̀sán Bàbá Nínú Oṣù Àwẹ̀

Àlàmísì, oṣù àwẹ̀, 1994

Ọ̀rọ̀ Bàbá mi ò kúrò lọ́kàn mi látọ̀sán.

Dókítà sọ lánàá pé ìfun ńlá rẹ̀ ló wú, tó sì degbò nínú, tó fi ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pa oògùn ọ̀sán jẹ.

Mo rò pé yàrá ni yóò ti máa lò ó. Àáfà ni ṣáà, lójú àwọn ọmọ kéwú rẹ̀...

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó ní kí n gbómi wá síwájú wọn. Mo ń lọ́ra.

"Gbé e wá. Àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

Ó lo oògùn, ó ń bá kéwú lọ. Bàbá yìí láyà.

Kò pẹ́ ni Ìyá Ràlíátù, aládùúgbò wa tó ń fi ọgbẹ́ inú gbààwẹ̀, mú oògùn tirẹ̀ dé. Ó ní kí n bu omi fún òun náà.