Bí Mo Ṣe Ń Tọ́jú Àpótí Tí O Rà Fún Wa

Ọmọ mi,

Ohun mẹ́rin ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn. Èkíní ni ojú rẹ tó wú nígbà tí a rí ara wa gbẹ̀yìn lórí fóònù. Èkejì ni ọ̀gá rẹ tó ní dandan ni kí iṣẹ́ náà parí kí oṣù yìí tó tán. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ yín tó kọ̀ tí kò jí. Ẹ̀kẹrin ni eyín mi ọwọ́ ọ̀tún, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ tìrẹ. Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, má bínú, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, iṣẹ́ tí o ń fi gbogbo ọpọlọ rẹ ṣe kò ní já sí asán. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ara rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ náà sì le.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mi ò fi àpótí nẹ́tíwọ̀kì tí o rà fún wa ṣeré rárá. Òkè ẹ̀yìn ilé kì í jẹ́ kí fóònù ṣiṣẹ́ láìsí i, òun nìkan ni a fi ń rí ojú rẹ. Nígbà tí o ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún mi lọ́jọ́ náà, mo kọ ọ́ sínú ìwé. O ní àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà yín tẹ́lẹ̀ kò mọ̀ ju kí ó máa bá ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì sọ̀rọ̀ lọ, bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ti jí. Bó bá ń sùn, kọ̀ǹpútà á kàn máa sọ̀rọ̀ lásán bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́nì kan. O ní ìwọ lo ń kọ àṣẹ tuntun, pé kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ fún un ní iná, kó di ríséètì rẹ̀ mú kó má tíì jí, kó dúró díẹ̀ kí iná náà fara balẹ̀, kó tó tú u sílẹ̀, bí iṣẹ́ bá sì parí, kó pa iná náà. O ní bí wọ́n bá kánjú tú u sílẹ̀, á jí, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò ní pé. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Èmi náà kì í fẹ́ kí wọ́n kánjú jí mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ fún àpótí tiwa. Tẹ́lẹ̀, a kàn ń fi í sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, ojú tì mí. Ní báyìí mo máa ń yọ wáyà rẹ̀ lálẹ́ kó lè sinmi. Láàárọ̀, bí mo bá ti fọ ẹnu tán, màá fún un ní iná, màá ka ení, èjì títí dé ogún, màá wá fi abẹ́rẹ́ ńlá tí mo yá lọ́wọ́ télọ̀ òdìkejì títì tẹ bọ́tìnnì inú ihò kékeré ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ríséètì sí. Ìwọ ní díẹ̀, èmi máa ń dúró títí dé ọgọ́ta, kó má baà di pé mo kánjú. Bí mo bá tú u sílẹ̀, gbogbo iná ojú rẹ̀ á kú, wọ́n á tún tàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń dùn mọ́ mi.

Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yìí ni fóònù ti ní òun kò mọ páásíwọ́ọ̀dù tí o kọ fún wa. Ìyá rẹ kà á, mo tẹ̀ ẹ́. Mo kà á, ìyá rẹ tẹ̀ ẹ́, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Orúkọ tí o sọ àpótí náà pàápàá ti yí padà, nọ́ńbà gígùn kan ló ń jẹ́ báyìí. Mo wá mọ̀ pé ìwọ lo pààrọ̀ rẹ̀ láti ọ̀hún. Kí lo ò fẹ́ kí a rí lójú rẹ tí o fi tì wá mọ́ta?

Télọ̀ ní ihò yẹn ló ń mú kí irú àpótí bẹ́ẹ̀ gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ. Mo ní ó ti lé lógójì ọdún tí télọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ níka, kò sì gbàgbé orúkọ ara rẹ̀ rí. Ìyá rẹ ní ẹ̀rọ tí mò ń gún lábẹ́rẹ́ láràárọ̀, ṣé mo rò pé yóò máa bá mi rẹ́rìn-ín ni. Ó ní kí n fi í lọ́rùn sílẹ̀. Mo ní ọmọ mi ló kọ́ mi, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gba ti télọ̀. Nígbà tó yá, ó ní òun kàn fẹ́ rí ojú rẹ ni.

Bí wọ́n bá ti dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́, má fi pa mọ́ fún wa. Wọ́n dá èmi náà dúró nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Odidi oṣù kan ni mo fi ń wọ bàtà jáde láràárọ̀ tí mò ń lọ jókòó sí ilé ìkàwé, kí ìyá rẹ má baà mọ̀. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ kejì. Bí ẹ̀rọ yẹn kò bá jí, ẹ̀rọ náà ni. Ìwọ ni mo fẹ́ kí o máa jí láyọ̀.

Mi ò bèèrè owó lọ́tẹ̀ yìí, owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo ń tọrọ kò ju ibi tí mo lè sùn sí lọ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ náà tó. Ọlọ́run á fún ọ ní ìsinmi, á fi ojúrere rẹ sọ́kàn ọ̀gá rẹ. Bí a kò bá rí ojú rẹ lórí fóònù títí Sọ́ńdè fi máa ṣú, èmi bàbá rẹ máa wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù yìí.